Ìbéèrè Quiz Tí Wọn Kì í Yéé Bi Mí: Ewì, Eré Orí Ìtàgé àti Ẹ̀fẹ̀ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Láyé Shakespeare

Èmi ni mo máa ń ṣètò ìbéèrè fún quiz lítíréṣọ̀ tí àwa kan máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ Sátidé, kò sì sí Sátidé kan tí ẹnì kan ò ní wá bá mi lẹ́yìn quiz pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ́ mi jẹ." Ìbéèrè kan náà, àríyànjiyàn kan náà. Mo ti kó wọn jọ síbí, kí n lè máa ráyè lọ sílé.

Kí ni wọ́n ń pè ní "early modern" gan-an, látọdún wo sí ọdún wo?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Àwọn ọ̀mọ̀wé kàn gé ìtàn sí wẹ́wẹ́ ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún 1500 títí dé nǹkan bí 1700 ni wọ́n fún lórúkọ yẹn. Ayé Ọba Henry Kẹjọ wà níbẹ̀, ti Ayaba Elizabeth Kìíní, ti James, ti Charles tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1649, títí dé ọmọ ẹ̀ Charles Kejì tó padà wá gorí oyè ní 1660. Àwọn kan máa ń fà á dé 1750 kí àwọn òǹkọ ẹ̀fẹ̀ Alexander Pope àti Jonathan Swift lè ráyè wọlé, èmi náà máa ń jẹ́ kí wọ́n wọlé torí láìsí àwọn méjèèjì yẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ò lè dùn.

Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn, ò sí níbẹ̀ o. Ọdún 1400 ló kú. Ẹni bá dárúkọ ẹ̀ fún mi, òdo ni.

Kí ni satire lédè tiwa?

Ẹ̀fẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní ìhà Kétu, ó mọ̀ pé lóru tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde, ó lè kọrin bú olówó, ó lè bú olóyè, ó lè tú àṣírí ẹni tó ń jalè, gbogbo ìlú á máa rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Ohun tí àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ ṣe nìyẹn, àmọ́ tiwọn, wọ́n ń mú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀.

Ìlà mélòó ló wà nínú sonnet, ta ló sì kọ́kọ́ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì?

Ìlà 14 ni ewì tí wọ́n ń pè ní sonnet máa ń ní. Ọwọ́ àwọn ará Ítálì ni wọ́n ti gbà á, Petrarca ló sọ ọ́ di olókìkí níbẹ̀. Thomas Wyatt àti Henry Howard, Earl of Surrey, ló gbé e wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láyé Henry Kẹjọ. Wyatt kú ní 1542, Surrey ní tiẹ̀, wọ́n bẹ́ orí ẹ̀ ní oṣù kìíní 1547, ìwé tó sì sọ àwọn méjèèjì di ìlú mọ̀ọ́ká, èyí tí Richard Tottel tẹ̀, 1557 ló tó jáde. Wọn ò jẹ nínú òkìkí yẹn rárá.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í: oríṣi sonnet tí wọ́n ń pè ní ti Shakespeare, ìyẹn ìlà mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta kí méjì wá pa á dé, Surrey ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe Shakespeare. Shakespeare kàn kọ ọ́ ju tiẹ̀ lọ ni. Tí mo bá béèrè pé "ta ló dá a sílẹ̀", ẹ má dárúkọ ẹni tó ni orúkọ.

Blank verse ńkọ́?

Ewì tó ní ìwọ̀n, sílébù mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìlà kan, àmọ́ tí ìparí ìlà ò ní ráìmù. Surrey yìí náà ló kọ́kọ́ lò ó lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó ń túmọ̀ Virgil, akéwì Látìn. Eré orí ìtàgé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ ni Gorboduc, ti Thomas Norton àti Thomas Sackville, tí wọ́n ṣe ní ìgbà Kérésìmesì 1561. Ká sòótọ́, eré yẹn le bí òkúta láti kà. Christopher Marlowe, òǹkọ̀wé eré tó jẹ́ ẹgbẹ́ Shakespeare, ló wá jẹ́ kó dùn létí.

Eélòó ni wọ́n ń san wọ Globe?

Globe ni ilé eré tí ẹgbẹ́ òṣèré Shakespeare ń lò ní Lọ́ńdọ̀n. Pẹ́nì kan lẹni tó bá máa dúró nílẹ̀ máa san, ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀ láyé òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ fi kọ́bọ̀ kan kún un, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tìmùtìmù lábẹ́ ìdí, tọ́rọ́. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré torí kò síná, òjò sì máa ń pa àwọn olówó kọ́bọ̀. Ní Blackfriars, ilé eré tó ní òrùlé tí wọ́n ń tan àbẹ́là sí, sísì ni owó tó kéré jù, ìyẹn ni pé mẹ̀kúnnù ò wọ ibẹ̀ lọ títí.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jí Globe kọ́?

Àwọn onílẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó kọ́ ọ á ní rárá! James Burbage ló kọ́ ilé eré kan tí wọ́n kàn ń pè ní The Theatre sí Shoreditch ní 1576. Ilẹ̀ tó kọ́ ọ sí, ó yá a ni. Nígbà tí àdéhùn ilẹ̀ parí, onílẹ̀, Giles Allen, ò fẹ́ tún un ṣe lọ́nà tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Burbage ti kú nígbà yẹn. Lẹ́yìn Kérésìmesì 1598, nígbà tí Allen ò sí ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn ọmọ Burbage kó káfíńtà wá, wọ́n tú gbogbo pákó ilé náà palẹ̀, wọ́n kó o lọ. Ó padà sọdá odò Thames, òun ni wọ́n fi kọ́ Globe ní 1599. Allen gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, kò rí nǹkan kan gbà.

The Theatre kọ́ ni ilé eré àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀n ṣá. Red Lion ti wà ní Whitechapel láti 1567, kò kàn pẹ́ ni.

Ọjọ́ wo ni Globe jóná, èèyàn mélòó ló kú?

29 oṣù kẹfà 1613. Eré Henry Kẹjọ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n yìn àgbá kan láti fi ki ọba tó wọlé lórí ìtàgé, ẹta iná fò sórí òrùlé tí wọ́n fi koríko bò, kò ju wákàtí kan sí méjì lọ ilé ti di eérú. Kò sẹ́ni tó kú. Ọkùnrin kan ni ṣòkòtò ẹ̀ gbaná, ló bá da bíà tó wà nínú ìgò ọwọ́ ẹ̀ sí i, ó kú. Iná ló kú o, kì í ṣe ọkùnrin náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún un kọ́, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe òrùlé ẹ̀.

Ta ló ń ṣe obìnrin nínú eré, nígbà tí obìnrin ò gbọdọ̀ gorí ìtàgé?

Àwọn ọmọdékùnrin. Juliet, Desdemona, Lady Macbeth, gbogbo wọn pátá, ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Ní 1642, ìjọba ilé aṣòfin ti gbogbo ilé eré pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 18. Ìgbà tí Charles Kejì dé ni wọ́n ṣí i, oṣù Kejìlá ọdún 1660 náà sì ni obìnrin kan ṣe Desdemona ní Lọ́ńdọ̀n.

Eré mélòó ni Shakespeare kọ? Gbogbo ìwé ló ń sọ tiẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ìwé ò parọ́, ohun tí wọ́n ń kà ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún méje tó kú, ní 1623, àwọn òṣèré ẹgbẹ́ ẹ̀ méjì, John Heminges àti Henry Condell, kó eré 36 jọ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní First Folio. Ẹ fi Pericles kún un, ó di 37. Ẹ fi The Two Noble Kinsmen tí òun àti John Fletcher jọ kọ kún un, 38. Àwọn kan fi Edward III kún un, 39. Tí n bá bèèrè pé "mélòó ló wà nínú First Folio", 36 ni, kò sí àríyànjiyàn. Tí n bá bèèrè "mélòó ló kọ", àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo máa ń gba 37 sí 39.

Ohun tí mo máa ń rántí níbẹ̀ ni pé nínú 36 yẹn, 18 ni wọn ò tíì tẹ̀ jáde rí. Macbeth wà nínú wọn, The Tempest, Twelfth Night, Julius Caesar. Ká ní àwọn ọkùnrin méjì yẹn sọ pé ó rẹ àwọn, a ò bá má mọ Macbeth rí láyé wa.

Ṣé Shakespeare kórìíra ìyàwó ẹ̀ ni tó fi fi bẹ́ẹ̀dì kejì sílẹ̀ fún un?

Òótọ́ ni pé ìwé ìpíngún ẹ̀ ní 1616 sọ pé kí wọ́n fún ìyàwó òun ní bẹ́ẹ̀dì tó dára ṣìkejì. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó fẹ́ Anne Hathaway ní 1582, ìyàwó jẹ́ 26, oyún sì ti wà nínú. Àwọn èèyàn wá ń so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ìjà. Àmọ́ lójú òfin ìgbà yẹn opó ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ tí kò nílò kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀dì tó dára jù sì sábà máa ń jẹ́ ti àlejò. Kì í ṣe pé mo ń gbèjà ẹ̀, ẹ sáà má fi bẹ́ẹ̀dì dá ẹjọ́ ilé onílé.

Ta ló pe Shakespeare ní ẹyẹ kannakánná?

Robert Greene, nínú ìwé kékeré kan tó jáde ní 1592 lẹ́yìn tó kú. Ó ní kannakánná kan ti gòkè wá, ìyẹ́ tiwa ló fi ṣoge, ó rò pé òun nìkan ni "Shake-scene" ní gbogbo ìlú. Yunifásítì ni Greene ti jáde, Shakespeare ò lọ, ibi tó ti ń dùn ún nìyẹn. Àwọn kan ní atẹ̀wé ẹ̀, Henry Chettle, ló kọ ọ́ tó fi orúkọ òkú bò ó, Chettle ní irọ́ ni. Lórí quiz tèmi, Greene ni.

Báwo ni Marlowe ṣe kú? Ṣé ìjà ilé ọtí ni lóòótọ́?

Ìbéèrè yìí ló ti dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa. Ohun tí ìwé adájọ́ tó ṣèwádìí ikú náà sọ rèé: 30 oṣù karùn-ún 1593, ọkùnrin mẹ́rin pàdé nílé Eleanor Bull ní Deptford ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Christopher Marlowe, Ingram Frizer, Nicholas Skeres, Robert Poley. Wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n rìn nínú ọgbà, wọ́n tún jẹun alẹ́. Marlowe wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn mẹ́ta yòókù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nídìí tábìlì, wọ́n kọ̀yìn sí i, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ wá di ìjà, Marlowe fa ọ̀bẹ yọ lára Frizer láti ẹ̀yìn ó ṣá a lórí, Frizer já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gún un lókè ojú ọ̀tún. Wọ́n wọn ojú ọgbẹ́: jíjìn ẹ̀ íǹṣì méjì, fífẹ̀ ẹ̀ íǹṣì kan. Wọ́n tún díye lé ọ̀bẹ náà, ṣílè kan. Ọmọ ọdún 29 ni.

Ayaba dárí ji Frizer kó tó pé oṣù kan. Ìwé yẹn wà nínú àká ìjọba títí Leslie Hotson fi wú u jáde ní 1925, òun la ṣe mọ gbogbo èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ni pé Poley jẹ́ amí ìjọba, Skeres náà kì í ṣe èèyàn dáadáa, Marlowe fúnra ẹ̀, ìgbìmọ̀ Ayaba ti kọ lẹ́tà sí Cambridge ní 1587 pé kí wọ́n fún un ní oyè ẹ̀ torí ó ti ṣiṣẹ́ fún Ayaba. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó kú, wọ́n ti mú Thomas Kyd, òǹkọ̀wé eré tí òun àti Marlowe ti jọ ń kọ̀wé nínú yàrá kan rí, wọ́n dá a lóró, ó ní ti Marlowe ni ìwé aláìgbọlọ́run tí wọ́n bá lọ́wọ́ òun. Ẹ fi ojú ara yín wò ó. Lójú tèmi, owó oúnjẹ nìkan kọ́. Àmọ́ ìdáhùn quiz ni "Ingram Frizer, Deptford, 1593", ẹ má kọ àlọ́ sínú pépà. Ẹ má sì kọ "ilé ọtí", ilé obìnrin kan tó ń gbàlejò ni.

Òǹkọ̀wé wo ló pa òṣèré tí wọn ò sì so ó kọ́?

Ben Jonson. Oṣù kẹsàn-án 1598, òun àti òṣèré kan, Gabriel Spencer, fi idà jà, Jonson pa á. Ó sọ lẹ́yìn náà pé idà Spencer fi íǹṣì mẹ́wàá gùn ju tòun lọ. Òfin kan wà nígbà yẹn tó wà fún àwọn àlùfáà látilẹ̀wá: ẹni tó bá lè ka Látìn níwájú adájọ́, wọn ò ní pa á nígbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ kan nínú Sáàmù 51 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn kà, débi tí wọ́n fi ń pe ẹsẹ náà ní ẹsẹ ọrùn. Jonson kà á. Wọ́n gba ẹrù ẹ̀, wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí àtàǹpàkò ẹ̀, wọ́n ní máa lọ, torí èèyàn ò lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fojú inú wo gbogbo ohun tó kọ lẹ́yìn ìyẹn, Volpone, The Alchemist, ẹni tó ní àpá yẹn lọ́wọ́ ló kọ wọ́n.

Ó ti ṣẹ̀wọ̀n kó tó dìgbà yẹn, lórí eré ẹ̀fẹ̀ kan ní 1597, ó sì tún ṣẹ̀wọ̀n ní 1605 torí òun àti àwọn kan fi àwọn ará Skọ́tíláǹdì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú Eastward Ho, nígbà tó jẹ́ pé ará Skọ́tíláǹdì ni ọba tó wà lórí oyè! Nígbà tó kú ní 1637, ìdúró ni wọ́n sin ín sí Westminster Abbey.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìwé ẹ̀fẹ̀ ní 1599?

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, John Whitgift, àti bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀n, Richard Bancroft, pàṣẹ pé kí wọ́n má tẹ ewì ẹ̀fẹ̀ kankan mọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń fọwọ́ sí ìwé kó tó jáde nígbà yẹn, ẹ má bèèrè pé kí ló kàn wọ́n. Gbogbo ìwé Thomas Nashe àti Gabriel Harvey, tí wọ́n ti ń fi ìwé bú ara wọn fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n gbà á níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n dáná sun àwọn kan ní gbọ̀ngàn àwọn atẹ̀wé: ti John Marston, ti Everard Guilpin, ti John Davies tó wà pọ̀ nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ewì Ovid tí Marlowe túmọ̀.

Kò dá ẹ̀fẹ̀ dúró o. Ó kúrò nínú ìwé, ó gba orí ìtàgé lọ. Marston tí wọ́n sun ìwé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ eré, ó sì padà di àlùfáà ní 1609.

Ta ni òǹkọ ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì? Mo kọ Joseph Hall, ẹ fún mi ní ìdajì máàkì.

Ẹ bínú. Ìdí rèé: Hall ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Nínú Virgidemiarum, 1597, ó ní òun ni òun kọ́kọ́ dágbá lé e, kí ẹni tó bá wù tẹ̀ lé òun kó jẹ́ ìkejì. Àmọ́ Thomas Lodge ti tẹ tiẹ̀ jáde ní 1595, John Donne ti ń kọ tiẹ̀ lọ́wọ́ láti bí 1593, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń dà á kọ láàárín ara wọn láìtẹ̀ ẹ́, Wyatt tilẹ̀ ti kọ tiẹ̀ ní bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú. Ìdáhùn tó pé ni "Hall ló sọ pé òun ni, kì í ṣe òun."

Tiẹ̀ tún wà lára ìwé tí wọ́n fẹ́ sun ní 1599, wọ́n kàn dá a sí nígbà tó yá ni. Òun fúnra ẹ̀ wá di bíṣọ́ọ̀bù Exeter ní 1627.

Eré wo ló kún ilé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọba tó lé wọn kúrò lórí ìtàgé?

A Game at Chess, Thomas Middleton, oṣù kẹjọ 1624, ní Globe. Lórí pátákó chess ló gbé e kà, funfun ni Íńgíláǹdì, dúdú ni Sípéènì, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé Gondomar tó ti jẹ́ aṣojú Sípéènì ni ẹṣin dúdú. Wọ́n ní àwọn òṣèré tilẹ̀ wá ọ̀kan rà nínú aṣọ tí Gondomar ti wọ̀ gbó. Nígbà yẹn, eré tí wọ́n ṣe lónìí, òmíràn ni wọ́n máa ṣe lọ́la, ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ẹyọ kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Aṣojú tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn fẹjọ́ sùn, ọba sì fòpin sí i.

"No man is an island", ewì Donne wo nìyẹn?

Kì í ṣe ewì. Ọ̀rọ̀ wuuru ni, nínú ìwé ìrònú tó kọ nígbà tí àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, tó tẹ̀ jáde ní 1624. Àwọn èèyàn kàn gé e sí ìlà-ìlà tó fi jọ ewì ni. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ agogo òkú tó ní kí o má ránṣẹ́ lọ bèèrè ẹni tí wọ́n ń lù ú fún ti wá. Ewì ẹ̀ gidi, The Good-Morrow tí ọ̀pọ̀ ọmọ WAEC ti kà rí, àwọn ewì yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó tẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Ó kú ní 1631, ìwé jáde ní 1633.

Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ̀wé?

Ìbéèrè yìí ò pé, mi ò sì ní bèèrè ẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ eré tirẹ̀ tí kì í ṣe ìtumọ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Elizabeth Cary, The Tragedy of Mariam, 1613. Aemilia Lanyer tẹ ewì ẹ̀ ní 1611, ó gbèjà Éfà nínú ẹ̀, ó ní tí Éfà bá jẹ̀bi, Ádámù tó lágbára jù ú lọ ló jẹ̀bi jù. Isabella Whitney sì ti tẹ ewì ní 1567, àwọn méjèèjì bá a lẹ́nu ẹ̀ ni.

Aphra Behn tí gbogbo yín máa ń kọ, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ dáadáa pé ó fi ìwé kíkọ jẹun. Ó ṣe amí fún Charles Kejì ní Antwerp ní 1666, wọn ò sanwó fún un bó ṣe yẹ, ó padà wálé pẹ̀lú gbèsè. Oroonoko ẹ̀ tó jáde ní 1688 dá lórí ọmọ ọba kan láti etíkun Gánà òde òní tí wọ́n tà lẹ́rú sí Suriname. Ìtàn àròsọ ni ìyẹn, kì í ṣe eré, ẹlòmíì ló sọ ọ́ di eré ní 1695, Thomas Southerne.

Akéwì wo ni ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́?

John Dryden, èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún 1668 ló di akéwì ọba. Ó kọ Mac Flecknoe láti fi bú Thomas Shadwell, ó ní ọba àwọn òmùgọ̀ ń wá ẹni tó máa jọba lẹ́yìn òun, nínú gbogbo ọmọ ẹ̀ Shadwell ló gọ̀ jù, òun ni kí wọ́n fi jẹ. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 1688, Dryden tó ti di Kátólíìkì kọ̀ láti búra, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ni wọ́n gbé e fún? Shadwell!

Ṣáájú ìyẹn, oṣù Kejìlá 1679, àwọn géńdé mẹ́ta dá a lọ́nà ní Rose Alley, wọ́n lù ú bí ẹni máa kú. Ewì ẹ̀fẹ̀ kan ló fà á, òun sì kọ́ ló kọ ọ́. Ó kéde àádọ́ta pọ́n-ùn fún ẹni tó bá lè tú wọn fó, kò sẹ́ni tó yọjú.

Eélòó ni Milton gbà lórí Paradise Lost?

Pọ́n-ùn márùn-ún lọ́wọ́ atẹ̀wé Samuel Simmons ní 1667, márùn-ún sí i nígbà tí àkọ́tẹ̀ tà tán. Lẹ́yìn tó kú, ìyàwó ẹ̀ ta gbogbo ẹ̀tọ́ tó kù ní pọ́n-ùn mẹ́jọ. Iye ìlà ewì náà lé ní ẹgbàárùn-ún, ojú ẹ̀ sì ti fọ́ pátápátá, ó ń pè é ni, wọ́n ń bá a kọ ọ́. Àkọ́tẹ̀ ní apá mẹ́wàá, ti 1674 ní méjìlá. Ẹ máa wo ọdún tí ìbéèrè sọ.

"Hell hath no fury like a woman scorned", Bíbélì ni àbí Shakespeare?

Kò sí níbì kankan nínú méjèèjì. Èmi fúnra mi ti pariwo "Shakespeare!" níwájú gbọ̀ngàn kan tó kún, títí dòní àwọn ọ̀rẹ́ mi ò tíì gbàgbé. William Congreve ni, The Mourning Bride, 1697, kò tilẹ̀ kọ ọ́ báyẹn gan-an. Inú eré yẹn náà ni ọ̀rọ̀ pé orin ń tu àyà ẹhànnà lára ti wá. Àyà ("breast") ni o, kì í ṣe ẹranko ("beast"), lẹ́tà "r" kan ló fa gbogbo wàhálà yẹn.

Ẹ fi ti Pope kún un: ẹ̀dá ló ń ṣàṣìṣe, Ọlọ́run ló ń dárí jì, òmùgọ̀ ń sáré wọ ibi tí áńgẹ́lì ń bẹ̀rù, ẹ̀kọ́ díẹ̀, ewu ni. Inú An Essay on Criticism, 1711, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti gbọ́ èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu pásítọ̀ tó ní inú Òwe ló wà.

Juliet ń wá Romeo ni nígbà tó ní "wherefore art thou"?

Kò wá a. "Wherefore" láyé ìgbà yẹn, "nítorí kí ni" ni, kì í ṣe "níbo". Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ Romeo ọmọ ilé ọ̀tá ni ìwọ í ṣe. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òdòdó tó ń ta sánsán fi tẹ̀ lé e.

Ṣé wọ́n ti ṣe Shakespeare ní Yorùbá ní Globe rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù karùn-ún 2012, Globe tuntun tí wọ́n ṣí ní 1997 pe eré 37 ní èdè 37, Renegade Theatre láti Èkó gbé The Winter's Tale lọ ní Yorùbá, Ìtàn Ògìnìntìn, Wọlé Oguntokun ló darí ẹ̀. Wọ́n sọ Leontes di Ṣàngó, Hermione di Ọya, Polixenes di Ògún. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ Ọya ṣe rí láàárín Ògún àti Ṣàngó á mọ̀ pé wọn ò fi ipá mú un bára mu.

Ṣé Shakespeare gan-an ló kọ àwọn eré ẹ̀? Mo gbọ́ pé Earl of Oxford ni.

Earl of Oxford kú ní 1604. Nǹkan bí 1611 ni wọ́n kọ The Tempest. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Shakespeare àti Cervantes, òǹkọ̀wé ará Sípéènì, kú lọ́jọ́ kan náà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Déètì kan náà ni wọ́n máa ń kọ, 23 oṣù kẹrin 1616, ọjọ́ kan náà kọ́. Sípéènì ti gba kàlẹ́ńdà tuntun láti 1582, Íńgíláǹdì ò gbà á títí di 1752, ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn nígbà yẹn. Cervantes sì gan-an, ọjọ́ kejìlélógún ló kú, ọjọ́ kẹtàlélógún ni wọ́n sin ín.

Ọjọ́ ìbí Shakespeare náà, ọjọ́ ìrìbọmi ẹ̀ nìkan ló wà lákọsílẹ̀, 26 oṣù kẹrin 1564. Ọjọ́ kẹtàlélógún tí wọ́n ń ṣe, àbá ni.

Gbogbo sonnet Shakespeare ló ní ìlà 14, àbí?

Ìbéèrè tí mo fi ń pa àwọn ọ̀gá nìyí. Nínú 154 tó jáde ní 1609, nọ́ńbà 99 ní ìlà 15. Nọ́ńbà 145, ìlà ẹ̀ pé 14 àmọ́ sílébù mẹ́jọ mẹ́jọ ló ní dípò mẹ́wàá. Nọ́ńbà 126, ìlà 12 péré ni, méjì-méjì ni ráìmù ẹ̀ sì ń lọ.

Nọ́ńbà 126 yìí ló parí àwọn èyí tó kọ sí ọ̀dọ́kùnrin kan kó tó kan àwọn tó kọ sí obìnrin. Atẹ̀wé náà rí i pé ìlà méjì ò sí, kò mọ ohun tó máa fi síbẹ̀, ló bá tẹ àmì àkámọ́ síbi tó yẹ kí ìlà kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wà, òfìfo ni inú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nínú ìwé 1609 títí dòní.